Kí A Tó Sọ Aurore Lórúkọ

Montréal, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kìn-ín-ní, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú ọyẹ́ tó ń fẹ́ lọ́dọ̀ yín. Níbí, a ti kọjá ọyẹ́, yìnyín ló dé. Ó ga dé orúnkún mi lẹ́nu ilẹ̀kùn láàárọ̀ yìí, ṣọ́bìrì ni mo fi kó o kí n tó ráyè jáde. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ. Mo kí gbogbo ilé. Aurore, ọmọ mi, ìwọ tí o ń kà á fún Màmá, mo kí ọ náà. Rọra kà á, má sáré bí ẹni tí ejò ń lé.

Màmá, inú mi dùn lónìí. Ẹ ti sọ fún mi láti kékeré Aurore pé kò ní kúrò lọ́dọ̀ yín títí yóò fi kàwé dé bákì, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo gbà, mi ò bá yín jà. Oṣù kẹfà ọdún yìí ni yóò ṣe bákì náà. Ó tó àsìkò kí ọmọ wá bá bàbá rẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé a ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Mo lọ rí Raïssa, obìnrin amòfin kan tó ń bá àwa àjèjì ṣe ìwé. Ó ní ẹni tó bá ti di ọmọ Kánádà bíi tèmi, tó wá bímọ sí ìlú mìíràn, ọmọ Kánádà ni ọmọ yẹn láti inú ẹ̀jẹ̀, ìbáà jẹ́ inú oko ni wọ́n bí i sí. Ohun kan ṣoṣo ni òfin ń béèrè: kí bàbá tàbí ìyá ti búra fún ìlú yìí kí ọmọ tó délé ayé. Èmi búra ní ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, ọdún 2007. Ìwé ìbí Aurore sọ pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yẹn kan náà ni wọ́n bí i. Ṣé ẹ rí i! Díẹ̀ báyìí ni mo fi ṣáájú rẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n nítorí pé kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n bí i sí, wọ́n fẹ́ ẹ̀rí ẹni tó wà níbẹ̀. Màmá, ẹ̀yin náà ni. Ẹ bá mi sọ bí wọ́n ṣe bí i, kí Aurore kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu yín, kí ẹ sì tẹ̀ka sí i. Kí ó ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́ bó bá ti dé Kétu. Èmi yóò wá ẹni tí yóò tú u sí èdè Faransé.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ láti Kútọ̀nú, ẹ bá mi fi irú ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà níbí kò tiẹ̀ rùn.

Èmi ọmọ yín,
Cyriaque


Idigny, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì

Cyriaque,

Mo gbọ́ ìkíni rẹ, àwa náà kí ọ. Ìwọ tí ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín, ṣé gbogbo ilẹ̀ Idigny kò tó ọ ro ni? Ó dáa, mo ti sọ ọ́, ó tán nínú mi.

Kí n tó dórí ọ̀rọ̀ rẹ, mo ní tèmi. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, o ò tíì wá wo ojú oórì rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ, Barnabé, ti ń ṣàìsàn láti ìgbà ọdún, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú lẹ́tà rẹ. "Mo kí gbogbo ilé." Ta ló ń jẹ́ Gbogbo Ilé? Ẹni tí a bá ń kí, à á dárúkọ rẹ̀.

Ní ti Aurore, inú mi dùn, ẹ̀rù sì tún ń bà mí. O ní ọmọ òyìnbó ni láti inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Èmi ni mo gbẹ̀bí ọmọ yìí, èmi ni mo ri ibi rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ṣé ìlú kan wà tó ti ní i láti gbogbo ọdún yìí wá, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi? Bí wọ́n bá wá gbà á lọ́wọ́ mi ńkọ́? Nígbà tí ìwọ nawọ́ sókè búra fún wọn, mo sunkún, bàbá rẹ ló ní kí n dákẹ́. Ṣé Aurore náà yóò nawọ́ sókè, kó ní òun kì í ṣe ará Kétu mọ́?

Mo gun alùpùpù lọ bá Prudence ní Adakplamè, torí òun ló bí ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ọkọ mìíràn ló wà báyìí. O mọ ohun tó lé e lọ, mi ò ní tún un sọ. Ó ní òun gbà kí ọmọ lọ, kó má sáà gbàgbé òun.

Ẹ̀rí tí o ń béèrè, kó ṣe sùúrù. À ń kọ ebè iṣu lọ́wọ́. Mi ò lè fi àwọn alágbàṣe sílẹ̀ lóko kí n wá jókòó máa sọ ìtàn.

Ìyá rẹ.

Bàbá, Aurore ni. Màmá ní n kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò sáré kà á. Mo kí yín o.


Montréal, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Barnabé, kí Ọlọ́run fún wọn ní àlàáfíà. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ebè kíkọ.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò gba Aurore. Ọmọ tó bá jẹ́ tiwọn láti inú ẹ̀jẹ̀ kì í búra, kì í nawọ́ sókè, wọn ò ní kó kọ ìlú rẹ̀. Yóò máa jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, yóò máa jẹ́ ọmọ Kánádà, bí èèyàn ṣe ń ní ilé bàbá tó tún ń ní ilé ìyá. Àwa kan wà níbí tí ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọba fún ọdún gbọọrọ, tèmi kàn máa wọlé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kánjú. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí ilé mi. Bí ìwé Aurore bá jáde kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé, wọn yóò gbà á bí ọmọ onílé. Bí kò bá jáde, wọn ò ní gbà á lọ́dún yìí. Mo ti kun yàrá rẹ̀ ní ọ̀dà. Mo ti ra ẹ̀wù òtútù fún un, ó nípọn tó tìmùtìmù. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ń bọ̀, kò sí ẹni tí kò gbọ́.

Màmá, ẹ ṣàánú mi, ẹ jókòó sọ ọ́. Bó ṣe rí ni kí ẹ sọ ọ́.

Cyriaque


Idigny, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Cyriaque ọmọ mi,

Ebè ti parí. Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Aurore wà níwájú mi pẹ̀lú bírò. Mo kí ẹni tí yóò ka èyí lókè òkun, kó fara balẹ̀ kà á.

Èmi Rosalie, ìyá Cyriaque, ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Prudence ní òun yóò bá mi lọ ro oko àgbàdo. Mo ní kó jókòó sílé, ó ní ara òun yá gágá. Nígbà tí oòrùn kàn wá lórí ni ó di ẹ̀yìn mú. Alùpùpù kan ṣoṣo tó kọjá, àpò gbágùúdá méjì ló dì sẹ́yìn. Mo ní kó sọ wọ́n kalẹ̀, ó ní ẹrù ẹlẹ́rù ni. Mo bú u, mo bú u, títí ó fi sọ wọ́n kalẹ̀. Síbẹ̀ a ò dé ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Okpomèta ni ọmọ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Obìnrin ni. Igbe tó ké pọ̀ débi pé alálùpùpù tó ti ń bínú sí mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo dé yìí, kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Prudence ti bí méjì ṣáájú rẹ̀ kí Cyriaque tó rìnrìn àjò. Ìgbà tí Cyriaque wá kí wa nílé lọ́dún tó ṣáájú ló lóyún Aurore. Àwọn méjèèjì kò dúró dé ọjọ́ ìkómọ. Gbogbo ìlú ti kí wa kú ewu, kí wọ́n tó tún yípadà wá kí wa pé ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo ní lẹ́ẹ̀kẹta yìí, kò sẹ́ni tí yóò kí wa. A wọlé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, mo ti ìyá àti ọmọ mọ́ yàrá. Ẹni tó bá béèrè Prudence, mo ní ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Láti bá Cyriaque sọ̀rọ̀ nígbà náà, àfi kéèyàn lọ sí Kétu, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ mo ṣílẹ̀kùn, mo gbé e jáde, a sọ ọ́ lórúkọ: Aurore, Fẹ́milọ́lá. Ijó tí mo jó lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ń dùn mí di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni èmi àti ọkọ mi lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní mẹ́rì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Kétu. Akọ̀wé bi wá pé ìgbà wo ni wọ́n bí i. Mo ní òní. Mi ò purọ́ o. Ọmọ tí kò tíì lórúkọ, àlejò ni. Kò tíì sọ bóyá òun yóò dúró. Ọjọ́ tó bá gbà láti dúró ni mo mọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n bí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi ṣe ń kà á.

Nítorí náà, ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún la gbé e jáde fáráyé. Bó ṣe rí nìyẹn, mo sì ti tẹ̀ka. Irú rẹ wà nínú ìgò, à ń wá ẹni tí yóò gbé e.

Ìyá rẹ.


Idigny, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta

Cyriaque,

Ṣé kò sí o? Ṣé ara le? Fóònù Aurore fi hàn pé o ti rí lẹ́tà wa láti ọjọ́ tó ti fi ránṣẹ́. Ẹni tó rí lẹ́tà ìyá rẹ̀ tí kò fèsì, kí là ń pe irú wọn lọ́dọ̀ yín?

Aurore náà kò jẹun dáadáa mọ́. Ìwé wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sí lórí ìwé. Bí mo bá bi í, á ní kò sí nǹkan. Ìwọ dákẹ́ lọ́hùn-ún, òun dákẹ́ níbí, èmi wà láàárín yín bí òmùgọ̀. Kí ni mo sọ nínú ẹ̀rí yẹn tó di báyìí? Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ sọ fún mi. Mo dàgbà, mi ò tíì ya odi.

Ìyá rẹ.


Montréal, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ má bínú. Mi ò mọ ohun tí n ó kọ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo fà á ya, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò ṣi nǹkan kan sọ. Ohun tẹ́ ẹ sọ ló ká mi lọ́wọ́ kò. Lọ́jọ́ tí Bàbá pè mí láti Kétu, wọn ò sọ ju pé ìyàwó mi ti bí obìnrin. Mo rò pé lọ́jọ́ náà ni. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé mo kọ́kọ́ búra kí ọmọ mi tó dé. Àṣé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Aurore bọ́ sí yín lọ́wọ́, mi ò tíì búra. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù, Màmá. Òfin wọn kò mọ àlejò, kò mọ ọjọ́ ìkómọ. Bí wọ́n bá gbọ́ ọjọ́ kẹjọ, Aurore kì í ṣe ọmọ Kánádà nípa ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ọ̀nà mìíràn wà, tí bàbá fi ń pe ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ àjèjì wá, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ọdún yìí sì ti bọ́ nìyẹn.

Mi ò tíì fi ẹ̀rí yẹn han Raïssa, kò sì ní rí i. Ìwé mẹ́rì sọ pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bàbá ti lọ. Yàtọ̀ sí alálùpùpù yẹn, ẹ̀yin àti Prudence nìkan lẹ wà níbẹ̀. Màmá, ẹ bá mi tún un sọ. Ẹ kàn fo ìjọ́ mẹ́jọ yẹn. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ọjọ́ tó gbà láti dúró ni wọ́n bí i. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn, kí ẹ dákẹ́ lórí ìyókù. Ọmọ yín ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe ara mi.

Aurore, bá mi ka èyí fún Màmá jẹ́jẹ́, nígbà tí kò bá sí ènìyàn lọ́dọ̀ yín.

Cyriaque


Idigny, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin

Cyriaque ọmọ mi,

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, imọ̀ ọ̀pẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ohun tí o sọ. Nítorí èyí lo ṣe dákẹ́ sí mi? Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ọmọ ni mo fẹ́, èwo ni tèmi nínú ọjọ́? Kọ ọ́, Aurore. Èmi Rosalie, ìyá Cyriaque, mo jẹ́rìí pé ní àárọ̀ ọjọ́

Bàbá, Aurore ni. Ibi tí Màmá bá a dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo fi bírò lélẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi kí ẹ tó kà á tán. Mo ti mọ̀ láti oṣù kẹta. Ẹ ti sọ òfin náà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, mo sì mọ ìṣirò. Nígbà tí Màmá sọ pé òun ti ilẹ̀kùn, mo ti ń ka ọjọ́ lọ́kàn. Màmá kò mọ̀wé. Ká ní mo fò ó, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ láyé. Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún, torí mo fẹ́ wá, Bàbá. Mo fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Mo fẹ́ rí yín kí n dì mọ́ yín, torí fótò yín ni mo mọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n mo lọ bi ìyá mi ní Adakplamè nípa ìjọ́ mẹ́jọ yẹn. Wọ́n ní Màmá kò fojú ba oorun. Wọ́n ní Màmá á gbé mi lé àyà, wọn ò ní orúkọ tí wọn yóò fi pè mí, wọ́n á kàn máa wí pé, "Ìwọ yìí, dúró. Ìwọ yìí, jọ̀ọ́, dúró." Ẹ wá ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kò ṣẹlẹ̀. Ẹnu mi lẹ tún ní kí n fi kà á fún Màmá.

Bàbá, ẹ̀yin kọ́ ni wọn yóò máa bi. Èmi ni. Níbikíbi tí mo bá dé lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, wọn yóò ní, ìgbà wo ni wọ́n bí ọ? Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn ń dáhùn láìronú, èmi ni yóò máa já láyà títí mo fi máa kú. Mi ò lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà tó pẹ́ yẹn. Mo ti wò ó lórí fóònù ní Kétu. Wọ́n ní kí ọmọ má tíì pé ọdún méjìlélógún, kó má sì tíì lọ́kọ. Àyè ṣì wà, mi ò sì rí ọkọ tó ń kánjú. N ó ṣe bákì mi, n ó yege. N ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì níbí. Ìgbàkígbà tí ọ̀nà bá là, n ó wá.

Màmá bú mi gan-an. Wọ́n ní olórí kunkun ni mí, wọ́n ní ta ni mo jọ nínú ilé yìí. Mo ní àwọn ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kọ ohun tó wù ọ́. Mo ti tẹ̀ka lẹ́ẹ̀kan, mi ò tẹ̀ka mọ́."

Aurore Fẹ́milọ́lá, ọmọ yín.


Montréal, ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún

Aurore ọmọ mi,

Màmá, mo kí yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.

Aurore, mo bínú sí ọ. Mi ò ní bò ó. Bí mo bá ti rí ẹ̀wù òtútù yẹn lára ìṣó, inú mi á tún ru. Mo ní, ta ló kọ́ ọmọ yìí lọ́gbọ́n òdì? Ẹni tí mo ń torí rẹ̀ purọ́ ló ń kọ́ mi níwà! Lẹ́yìn náà ojú tì mí. Ojú tì mí pé ìwọ ni mo ní kí o kà á.

Mo gbé ẹ̀rí Màmá ti àkọ́kọ́ lọ fún Raïssa, bó ṣe wà. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ ohun tí ọjọ́ yìí ṣe fún ọmọ yín?" Mo ní mo mọ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó gbé fọ́ọ̀mù mìíràn jáde. A ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kejì. Ẹ̀yin náà yóò lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n tún ọjọ́ inú ìwé ìbí ṣe. Màmá ni yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Màmá, ẹ dákun, ẹ má bú adájọ́. Raïssa ní yóò pẹ́, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí wọn yóò ti dá wa padà, torí kò sí ohun tí à ń fi pamọ́. Mo gbà á gbọ́. Mò ń bọ̀ nílé ní oṣù kẹjọ, mi ò lè jókòó síbí máa dúró de ìwé kí n tó rí ọmọ mi.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró di òní kí n tó kọ lẹ́tà yìí. Lọ́dún 2007, ní irú ọjọ́ òní, mo jókòó nínú yàrá kan níbí, mò ń kọ́ orin ìlú wọn sórí nítorí ọjọ́ ìbúra. Mo kọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Ìwọ ti wà láyé nígbà náà, o wà ní Idigny, o ń ké, Màmá ń bẹ̀ ọ́ pé kí o dúró. Èmi bàbá rẹ kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó kí ọ lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì kí ọ ní irú ọjọ́ òní rí láti ìgbà tí o ti dáyé.

Káàbọ̀, ọmọ mi. O ṣeun tí o dúró.

Bàbá rẹ,
Cyriaque